Àsíá Onípákó Iwájú Ilé Wa

Kí òmìnira tó dé, àsíá àwọn òyìnbó ni àwa ọmọ iléèwé Ìbàdàn ń kí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdọọdún, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹ́ńpáyà Dè, àwọn tíṣà á tò wá lẹ́sẹẹsẹ. A ó wọ yúnífọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ti fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, a ó sì yan kọjá níwájú àwọn èèyàn pàtàkì tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Àsíá náà á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè òpó. Kò sí ẹni tó sọ fún wa ohun tí ìlà pupa àti búlúù inú rẹ̀ dúró fún. Ti ọbabìnrin ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. A kí i, wọ́n fún wa ní bisikíìtì, a padà sílé.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àsíá tuntun fi ká wa lára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí 1960 ń bọ̀. Mo wà lára àwọn ọmọ tó jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Òkè-Àdó là ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ pápá ìṣeré Liberty lọ́wọ́ nígbà náà, tí ọkọ̀ oníyanrìn àti oníbúlọ́ọ̀kù kò jẹ́ kí ojú títì sinmi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì àti àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n tí kò lè ṣírò lórí pákó pẹ̀lú ègé pẹ́ńsù.

Ìwé ìròyìn ni a ti kọ́kọ́ rí àwòrán àsíá náà. Bàbá Ìbò kan wà tó háyà yàrá òkè lẹ́bàá àtẹ̀gùn, akọ̀wé ni ní rélùwéè Dùgbẹ̀, ọmọ Ọ̀níṣà. Bàbá Rélùwéè ni àwa ọmọdé ń pè é. Òun ló máa ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá mi nírọ̀lẹ́. Dúdú àti funfun ni wọ́n tẹ àwòrán náà, nítorí náà ó fi ìka tọ́ka sí i fún un: àwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, funfun láàárín. Ewé dúró fún ilẹ̀ wa àti ohun tó ń hù lórí rẹ̀, funfun dúró fún àlàáfíà. Bàbá mi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Èyí kò le. Àwa náà lè ṣe é."

Kò sí ẹni tó gbà pé ohun tó sọ nìyẹn lóòótọ́ títí ìyá mi fi gbọ́ pé owó pákó ti kúrò nílé.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ṣé ìjọba ló bẹ̀ yín níṣẹ́ ni?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Ṣé ẹni tó kọ́lé tuntun máa ń retí kí aládùúgbò wá bá òun kùn ún ni?"

"Aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe àsíá. Wọ́n máa pín aṣọ náà fáwọn èèyàn."

"Òjò kan, oòrùn kan, aṣọ ti di àkísà. Igi ni n ó fi ṣe tèmi."

Ohun kan wà tí a kò mọ̀ nígbà náà, tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń ka èyí mọ̀. Ọmọ Yorùbá ló ya àsíá yẹn. Táíwò Akínkúnmi ni orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1936, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kó tó lọ kàwé ní Norwood Technical College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló wà ní 1958 nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá fún Nàìjíríà. Ó ya tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ní 1959 ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún un ní £100. Nínú èyí tó kọ́kọ́ yà, oòrùn pupa kan ń ràn láàárín funfun. Àwọn tó ṣe ìdájọ́ ló yọ oòrùn náà kúrò. Èmi rí i pé wọ́n ṣe dáadáa. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí oòrùn kúrò jẹ́ àwòrán tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè yà láìṣìnà, tí káfíńtà tí kò kàwé púpọ̀ sì lè kàn láìbi ẹnikẹ́ni. Àsíá tí gbogbo èèyàn lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ti gbogbo èèyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá mi ṣe ṣe é, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a kàn kan pákó mọ́ pákó.

Gígùn àsíá Nàìjíríà jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ọgbọọgba sì ni wọ́n pín in sí mẹ́ta. Bàbá mi mú ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn. Ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ íǹṣì 96. Pín in sí mẹ́ta, íǹṣì 32 ló kan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wá wo pákó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8: mẹ́rin irú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 32 géérégé. Pákó méjìlá, gbogbo wọn nà dúró, mẹ́rin ewé, mẹ́rin funfun, mẹ́rin ewé. Kò sí pákó kan tó ru àwọ̀ méjì. Inú rẹ̀ dùn sí ìṣirò yìí débi pé gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é fún.

Ìrókò ló rà. Ìyá mi ní arère kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fá. Bàbá mi ní ikán àti òjò á ti jẹ arère tán kí ọmọ tí wọ́n bí lónìí tó rìn. Ìgbà ọyẹ́ ló ti ra ìrókò náà, ó tò ó sábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé, ó fi ègé igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá, ó sì di ẹrù lé wọn lórí kí wọ́n má bàa wọ́. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Àwọn ọmọọṣẹ́ ń bínú pé ọjọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n kò dá wọn lóhùn. Igi tútù tí a bá kun, abẹ́ ọ̀dà ni yóò ti máa gbẹ, tí yóò sì máa là.

Ìrókò kì í ṣe igi tí èèyàn ń yára gé. Nígbà mìíràn, òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, funfun, ó le bí àwo, ó sì lè ká eyín ayùn. Lẹ́bulẹ́bu rẹ̀ a máa ta ni nímú. Nígbà tí wọ́n ń fá a, gbogbo ilé ló ń sín, ìyá mi sì ń bo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni bàbá mi gbé ìfági lé lọ́wọ́, èmi sì ni mo ń di ìdí pákó mú. Tó bá fá ojú pákó tán, bàbá mi á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, á fi èkejì wo etí rẹ̀ láti òpin dé òpin. Bó bá rí ibi tó wú, á kàn fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, á dá a padà fún ẹ̀gbọ́n mi. Kì í jágbe mọ́ni lórí iṣẹ́.

Ó gbẹ́ ihò gbọọrọ sí etí kan pákó kọ̀ọ̀kan, ó gbẹ́ ahọ́n sí etí kejì, kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Kò fi gúlúù sí i. Ó ní bí òjò bá dé, igi á wú, bí ọyẹ́ bá dé, á súnkì, bí a bá sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pinpin, ọ̀kan nínú wọn á fọ́. Igi ìdábùú mẹ́ta ló fi sẹ́yìn wọn, ó sì jẹ́ kí ihò sukúrù gùn díẹ̀ kí pákó lè rí àyè sún. Mo ti rí àsíá onígi mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà tó là sí méjì láàárín funfun. Ẹni tó kàn án kò fún igi láyè láti mí ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló pẹ́ jù. Epo wà lára ìrókò, epo yẹn kì í sì jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ. Tọpẹntáìnì ni bàbá mi kọ́kọ́ fi nu pákó kọ̀ọ̀kan, kó tó fi ọ̀dà tó là pa á lára, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó lè wọnú igi. Ó gbẹ, ó fi sánpépà họ ọ́. Ó tún kun ún, ó tún họ ọ́. Ìkẹta ni ọ̀dà gidi. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kun pákó wọn kó tó so wọ́n pọ̀, kí ewé má bàa ta sára funfun. Ó sì kun ẹ̀yìn wọn, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn lomi ń gbà wọlé." Òjò oṣù Keje pọ̀ lọ́dún náà, ìgbà tí òjò sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ni a rí àyè kun ohun gbogbo tán.

Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà ní Dùgbẹ̀ dúdú jù. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àgodi ló bá wa mú àsíá aṣọ kékeré kan wá láti fi wò ó. Bàbá mi ń da funfun díẹ̀ sí i, ó ń da yẹ́lò díẹ̀ sí i, èmi ń fi igi rò ó. Yóò tọ́ ọ sára ègé pákó, yóò dúró kó gbẹ, yóò gbé e jáde sínú oòrùn ọ̀sán, yóò gbé aṣọ náà lé e. Ọ̀dà tútù máa ń tan ojú jẹ. Ìgbà tó bá gbẹ ló ń sọ òótọ́ ara rẹ̀. Ègé pákó kún ẹ̀gbẹ́ ògiri kó tó rí èyí tó bá a lára mu. Ọ̀dà funfun kò sí nínú ìnáwó wa. Bàbá Rélùwéè ló rà á wá nígbà tó gba owó oṣù, agolo ńlá kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú bàbá mi. "Ẹ jẹ́ kí funfun jẹ́ tèmi," ó ní, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń dún bí Ìbò. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì kun pákó mẹ́rin àárín fúnra rẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí tábìlì iṣẹ́, ó ń wò ó, kò tọ́ ọ sọ́nà rárá.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gun òkè. Abẹ́ fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níwájú ilé, ni wọ́n dè é mọ́ pẹ̀lú bóòtù. Bàbá mi gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lórí bí òrùlé, kí omi má bàa dúró sétí rẹ̀. Ìyá mi, ẹni tó ti ń ráhùn láti ìgbà ọyẹ́, ló mú àdìrẹ rẹ̀ méjì wá pé kí wọ́n fi bò ó títí ọjọ́ yóò fi pé.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, kò sí ọmọ tó sùn ládùúgbò wa. Wọ́n gbé asọ̀rọ̀mágbèsì sójú fèrèsé, wọ́n tan àtùpà gáàsì, àwọn ìyá ń din àkàrà. Láti Race Course l'Ékòó ni ohùn ti ń wá. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, wọ́n pa iná ibẹ̀, wọ́n sọ àsíá ọbabìnrin kalẹ̀. Nígbà tí iná tàn padà, àsíá tiwa ló wà lókè òpó. Bàbá mi fa okùn, àdìrẹ ìyá mi já bọ́. Ariwo tó sọ ní Òkè-Àdó lóru náà ṣì wà létí mi. Àwọn àgbà ń sunkún. Bàbá Rélùwéè di bàbá mi lọ́wọ́ mú, kò sì fi í sílẹ̀. A kọ orin orílẹ̀-èdè tuntun tí wọ́n ti kọ́ wa ní iléèwé, èyí tí obìnrin òyìnbó kan, Lillian Jean Williams, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ti kùn sí i pé òyìnbó ló kọ orin wa. Àmọ́ àsíá, ọwọ́ ọmọ wa ló ti jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọmọọba Alexandra láti ilẹ̀ òyìnbó gbé ìwé àṣẹ òmìnira lé olórí ìjọba wa, Tafawa Balewa, lọ́wọ́, wọ́n sì pín ife fún àwa ọmọ iléèwé.

Àwọn tíṣà kó ọmọ wá wo àsíá náà. Awakọ̀ a máa dẹ ẹsẹ̀ bó bá dé iwájú ilé wa. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò oṣù Kẹjọ bá sinmi, bàbá mi á gun àkàbà, á fọ̀ ọ́, á fi ọ̀dà pa á lára. Funfun a máa pọ́n, ewé a máa ṣá, nítorí oòrùn Ìbàdàn kì í ṣàánú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òṣèlú bàjẹ́. Ẹ ti gbọ́ ìtàn wẹtìẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá 1965, wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti èèyàn, wọ́n ń jó wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ kan dúró síwájú ilé wa pẹ̀lú agolo bẹntiróòlù, wọ́n ní kí bàbá mi sọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Ìyá mi di gbogbo wa mọ́ra nínú òkùnkùn. A gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ga rárá: "Ohun tí mò ń ṣe wà lókè yẹn. Ẹ wò ó." Wọ́n kọjá lọ. Wọ́n jó ilé kan nísàlẹ̀ àdúgbò lóru náà. Èmi kò mọ ohun tó mú wọn dá tiwa sí.

Ní 1966, Bàbá Rélùwéè kó ìyàwó àti ọmọ lọ sílé. Ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Ó fi àpótí onírin kan àti kẹ̀kẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ sí yàrá rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún bàbá mi. Ogun abẹ́lé Bíáfíra bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ní gbogbo ìgbà tí ogun fi ń lọ, bàbá mi kò háyà yàrá náà fún ẹlòmíràn, àwọn tó ń wá ilé sì pọ̀. Kò sì kun àsíá. Ẹ̀gbọ́n mi rán an létí lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọwọ́ òun kò gbé e. Funfun di bí eyín arúgbó, ó ń ṣí lára igi.

Ogun parí ní oṣù Kìíní 1970. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Bàbá Rélùwéè yọ sí wa, ó ti gbẹ, irun rẹ̀ ti funfun, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì sí mọ́. Bàbá mi ṣí yàrá fún un. Àpótí wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ìyá mi ti ń fi epo pa á. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́dún náà, nígbà tí òjò sinmi ní oṣù Kẹjọ, àwọn méjèèjì gbé àkàbà, wọ́n sì kun àsíá.

Àwọn tó kàn án ti lọ, bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Rélùwéè. Igi ìdábùú ìsàlẹ̀ ti jẹrà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Pákó méjìlá ìrókò náà ṣì pé. Mo ti kọjá níwájú ilé Bàbá Akínkúnmi náà ní Ìbàdàn níhìn-ín, ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé àti funfun látòkè délẹ̀. Ó dùn mí pé òun àti bàbá mi kò pàdé. Ó pẹ́ kí orílẹ̀-èdè tó rántí rẹ̀. 2014 ni wọ́n tó fún un ní oyè OFR. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, ẹni ọdún 87, ó sì lé ní ọdún kan kí wọ́n tó sin ín. Èyí kò yẹ ẹni tó fún wa ní ohun tí gbogbo wa ń kí.

Lóde òní, bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá bá ń bọ̀, mo ń rí àsíá ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n ń tà lójú títì, tó jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, inú gọ́tà ni yóò wà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ wá pákó gbígbẹ, kì báà ṣe ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gíga, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba. Ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn di búrọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ sì pe aládùúgbò tí èdè rẹ̀ kì í ṣe tiyín pé kó wá kun funfun. Bí ẹ bá ń gbé ní Ìbàdàn tí ìwọ̀n rú yín lójú, ẹ wá sí Òkè-Àdó kí ẹ wá wọn tiwa. Oṣù Kẹjọ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò bá sinmi.